Ọ̀gá Tàjù àti Òfin Ìrísí Mọ́kànlélógójì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta lẹ rí rí tó ń fi orí ìṣáná wọn irùngbọ̀n ọmọ ọlọ́mọ?

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ní Ìgándò níbí ló ti ṣẹlẹ̀, nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ Búrẹ́dì Adùnbárìn, ọkùnrin tó sì ń ṣe é kò rí ohun ẹ̀rín kankan níbẹ̀. Tàjùdíìnì lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún ni pé kó máa gba òṣìṣẹ́, kó máa kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kó sì máa mójú tó ọjọ́ ìsinmi wọn. Iṣẹ́ yìí kéré lójú rẹ̀. Ọdún kejì tó débẹ̀ ló ní kí wọ́n gbẹ́ pátákó kan sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì òun, ó sì ní kí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kọ ọ́ sí i pé: ỌLỌ́LÁ JÙLỌ T. A. TÀJÙDÍÌNÌ, OLÓRÍ ÈTÒ ÒṢÌṢẸ́, ALÁBÒÓJÚTÓ ÌRÍSÍ, OLÙṢỌ́ IYÌ. Pátákó náà gùn débi pé ó kọjá ara ilẹ̀kùn, ó wọ ara fèrèsé. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní Ọ̀gá Tàjù lásán, kò ní dáhùn. Òkè ni yóò máa wò bí ẹni tó ń retí òjò.

Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ yìí látòkèdélẹ̀ ni Ṣàkírát, ìyá Fawas, tó jẹ́ akọ̀wé kékeré nídìí géètì. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó ti lé ní ogójì ọdún, ó bí ọmọ mẹ́ta. Àmúsà ọkọ rẹ̀ ń tún fáànù àti rédíò ṣe ní Ìkọ̀tún, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti wó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítorí pé wọ́n ń fẹ títì, ohun tí Ṣàkírát bá mú bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ni ilé ń jẹ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohunkóhun tí Ọ̀gá bá ní kó ṣe, "Ó dáa, sà" ló máa ń sọ. Ọ̀gá sì fún un níṣẹ́ ṣe. Báàgì kékeré kan ló gbé lé e lọ́wọ́, ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: rúlà kan, páálí ìṣáná kan, àti áńkáṣíìfù funfun kan.

Rúlà wà fún èékánná. Ìṣáná wà fún irùngbọ̀n: bí irùngbọ̀n ọkùnrin tó wá wáṣẹ́ bá fi lè gùn ju orí ìṣáná lọ, ibi tó ń jóná gan-an o, kì í ṣe igi rẹ̀, kí onítọ̀hún máa lọ sílé. Áńkáṣíìfù wà fún ojú. Ṣàkírát á fi nu ojú ẹni náà, bí nǹkan kan bá lẹ̀ mọ́ ọn, ì báà ṣe pọ́dà, ì báà ṣe tìróò, wọ́n á ní ojú onítọ̀hún ń purọ́.

"Ẹni tó bá fi ojú purọ́," Ọ̀gá a máa wí, á gbé ìka kan sókè, "yóò fi fúláwà purọ́."

Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yẹn sápò. Ó ń bọ̀ wá wúlò.

Ní àràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan fúláwà, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sí iwájú géètì láti pàdé Ọ̀gá. Igbákejì rẹ̀, ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Olúwakáyọ̀dé, tí àtẹ́wọ́ pípa rẹ̀ dára ju ìwé kíkọ rẹ̀ lọ, á ké pé, "Ìrínisí!" Àwọn yòókù á dáhùn pé, "Ni ìsọnilọ́jọ̀!" Ìgbà méje ni wọ́n ń ké e. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá á wá rìn kọjá láàárín wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìyàwó tí wọ́n ń mú lọ sílé ọkọ, Káyọ̀dé á sì máa sọ fún un pé ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tí Ọ̀gá wọ̀ lónìí, àfi kí Ọ̀gá forí jin òun, òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ṣẹ́ẹ̀tì àná ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe èyí lọ́wọ́, búrẹ́dì àkọ́kọ́ tó wà nínú ààrò á máa jóná lọ ní tirẹ̀.

Òfin méje péré ni Òfin Ìrísí nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ká má parọ́ mọ́ ọn, òfin kìíní bọ́gbọ́n mu: kí gbogbo ẹni tó ń po fúláwà fọ ọwọ́, kó sì fi fìlà bo irun rẹ̀. Ta ló fẹ́ rí irun nínú búrẹ́dì? Ṣùgbọ́n òfin dà bí àkàrà lẹ́nu Ọ̀gá, kò lè jẹ ẹyọ kan kó ṣíwọ́. Bó bá sùn tó jí, ó ti rí òmíràn. Òfin kẹsàn-án ni ti áńkáṣíìfù. Òfin kọkànlá ní kí ìborí obìnrin má kọjá etí, nígbà tó jẹ́ pé ìborí Ṣàkírát gan-an dé àyà. Ọlọ́run ló yọ ọ́, torí Ọ̀gá ní òun kò lè máa wá ẹlòmíràn tí yóò máa gbé báàgì. Òfin kẹtàlélógún ní kí ẹni tó bá ní èéjì máa rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹnu pípadé, kí fèrèsé má baà ṣí sílẹ̀ lójú oníbàárà. Òfin ọgbọ̀n ní kí bàtà ẹni tó wá wáṣẹ́ máa dán débi pé Ọ̀gá lè rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó mọ Ọ̀gá dáadáa ní torí òfin ọgbọ̀n yìí gan-an ló ṣe gbé ogójì yòókù kalẹ̀.

Torí ojú Ọ̀gá wu Ọ̀gá. Ọkùnrin tó ti pé ọdún márùndínlọ́gọ́ta, síbẹ̀ irun orí rẹ̀ àti irunmú rẹ̀ dúdú ju ìdí ìkòkò lọ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ìdílé àwọn ni. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé tí irun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó máa ń wá kí i láti Abẹ́òkúta, fi funfun bí òwú.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ń lọ títí Àtọ́kẹ́ fi dé.

Ọmọbìnrin Ìṣẹ̀rí-Olófin ni, àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ṣíṣe ní polí, ó sì ti ṣiṣẹ́ búrẹ́dì fún ọdún méjì ní Ṣáṣá kí wọ́n tó ti ibẹ̀ pa. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ló wọlé pẹ̀lú fáìlì rẹ̀ láyà. Ṣàkírát gbé rúlà lé èékánná rẹ̀, kò gùn. Ó fi áńkáṣíìfù nu ojú rẹ̀, funfun ló lọ, funfun ló bọ̀. Ó bi í léèrè pé bí fúláwà bá kọ̀ tí kò wú ńkọ́, ọmọ náà sì ṣàlàyé fún un, ó mẹ́nu ba ooru yàrá, ó mẹ́nu ba omi, títí inú Ṣàkírát fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn pé lónìí ni àwọn rí ẹni tó mọ iṣẹ́. Ó mú un wọlé tọ Ọ̀gá lọ.

Ọ̀gá kò ṣí fáìlì. Ó kọ́kọ́ tẹ orí ba, ó wo irunmú rẹ̀ nínú bàtà Àtọ́kẹ́, ó fi ìka tún un ṣe. Bàtà náà yege. Ìgbà náà ló tó gbójú sókè.

"Kí nìyẹn?"

"Èwo, sà?"

"Èyí tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ."

Pélé mẹ́ta-mẹ́ta ni, tín-ín-rín, tí ìyá bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n kọ fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, torí ó ní ọmọ-ọmọ òun kò ní sọnù sí ìlú Èkó kí wọ́n má mọ ilé tó ti wá.

"Ilà ni, sà," Àtọ́kẹ́ wí.

"Ṣé mo ní mi ò mọ ilà ni? Mo ní kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo ní ojú, sà."

Káyọ̀dé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí ibi tó wà, ó sọ ọ́ di ikọ́. Ọ̀gá dìde, ó ka òfin kẹrìnlá láti orí wá, pé kò sí ojú ẹlẹ́yà kankan, ojú kíkọ tàbí ojú fífín, tí yóò ṣojú fún Búrẹ́dì Adùnbárìn. Àtọ́kẹ́ kúnlẹ̀, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í léèrè bóyá àwọn tó ń ra búrẹ́dì ní Ẹ̀gbẹ́dá ń béèrè ojú ẹni tó po ó. Ọ̀gá ní ìbéèrè pàápàá lòdì sí òfin, ó wá sọ ohun tó máa ń sọ fún gbogbo èèyàn:

"Ẹ máa lọ, a máa pè yín."

Ẹlòmíràn ì bá ti dìde lọ. Àtọ́kẹ́ kò dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ ìdí tí ẹ ò fi gbà mí sílẹ̀."

Ẹ gbọ́ o. Ọlọ́gbọ́n ì bá rí kòtò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí nǹkan kan bá wà tí Ọ̀gá fẹ́ràn tó ojú rẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ni. Ó yọ bírò pupa, ó sì kọ ọ́ gbàgàdà sí orí lẹ́tà ìwáṣẹ́ ọmọ náà pé: KÒ YẸ. OJÚ RẸ̀ DÀ BÍ OKO TÍ WỌ́N ṢẸ̀ṢẸ̀ KỌ EBÈ SÍ. ÒFIN KẸRÌNLÁ. Ó fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó lu òǹtẹ̀ lé e. Àtọ́kẹ́ na ọwọ́ kó gbà á, Ọ̀gá ní rárá, ìwé ilé-iṣẹ́ ni. Ó jù ú sí Ṣàkírát pé kó lọ dà á sínú àpò tí wọ́n fi ń dáná ààrò, níbi tí gbogbo lẹ́tà àwọn tí kò yẹ ń lọ.

Lẹ́nu géètì, Àtọ́kẹ́ kò sunkún. Ó kàn dúró.

"Ìyá mi, mi ò ní kí ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n," ó wí. "Lẹ́tà mọ́kàndínlógún ni mo ti kọ kiri láti Ìpájà títí dé ibí. Gbogbo wọn ló ní àwọn máa pè mí. Mo máa ń gbé fóònù wọ ilé ìwẹ̀. Ẹ jẹ́ kẹ́nì kan ṣáà dá mi lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n mọ ibi tí mo dúró sí."

Ṣàkírát wo ọmọ náà. Òun náà ní ọmọbìnrin nílé. Ẹnu rẹ̀ yá ju ẹ̀rù rẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà.

"Èsì máa dé ọwọ́ rẹ," ó wí, "látọ̀dọ̀ ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ yìí gan-an. Ẹsẹ̀ ara mi ni màá fi mú un wá fún ẹ ní Ìṣẹ̀rí. Inṣá Allah, mo ṣèlérí."

Kò da lẹ́tà náà sínú àpò. Agolo bisikíìtì kan wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀, níbẹ̀ ló kó o sí, lórí àwọn lẹ́tà mìíràn tí ọwọ́ rẹ̀ ti kọ̀ láti dáná sun. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni wọ́n jẹ́ báyìí. Ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà ni Àlàájà Sìdíkátù, ìyá àgbà kan tó ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ògiri. Ṣàkírát á wo nọ́ńbà náà láàárọ̀, á wò ó lọ́sàn-án, á rántí owó ilé-ìwé Fawas, á sì gbé ojú kúrò. Ọ̀sẹ̀ kan di oṣù kan, oṣù kan di méjì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àtọ́kẹ́ padà wá, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni Ṣàkírát ní kó fún òun ní ọjọ́ díẹ̀ sí i. Bó bá kírun Àsárì tán, tó jókòó sórí ẹní rẹ̀, ohun tí àáfà wọn sọ ni yóò máa rántí, pé lára àmì mùnáfíkì ni kó ṣèlérí kó má mú un ṣẹ. Á ní kí Ọlọ́run fún òun ní ọkàn. Ọlọ́run sì ń gbọ́, ṣùgbọ́n búrẹ́dì ló kọ́kọ́ rán níṣẹ́.

Torí pé láàárín oṣù méjì yẹn, Ọ̀gá ti rí àwọn tó yẹ. Ọmọkùnrin méje ló gbà, ojú wọn ń dán bí àwo tuntun, irùngbọ̀n wọn kò tó orí ìṣáná. Kò sí èyí tó po fúláwà rí láyé rẹ̀. Ọ̀kan kì í ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ kọjá ìka méjì nítorí èékánná. Òmíràn ní òórùn yíìsì ń mú òun bì. Búrẹ́dì Adùnbárìn, tó máa ń rọ̀ tẹ́lẹ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun, wá di ohun tí ìyá kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ń fi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ní Ìkọ̀tún wọ́n ní bó bá bọ́ lé ẹsẹ̀, kéèyàn lọ yàwòrán egungun. Àwọn tó ń tà á bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà. Ọ̀gá ní ìlara ni.

Ìròyìn náà dé Ògbómọ̀ṣọ́. Àlàájà fi ohùn ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́rú.

Níbí yìí ni kí ẹ ti sún mọ́ mi, torí ohun tó pa Ọ̀gá kò ju èyí lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń bá Àlàájà ṣiṣẹ́, kò rí ojú rẹ̀ rí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni màmá máa ń wá. Bí mọ́tò rẹ̀ bá ti yọ ní kọ̀rọ̀, Ọ̀gá ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwọn ọkùnrin yòókù á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á dìde. Ọ̀gá kò ní dìde. Ó ní ọlá Àlàájà kò jẹ́ kí òun lè gbé orí. Ìdọ̀bálẹ̀ ló fi ń jábọ̀, ìdọ̀bálẹ̀ ló fi ń gba ìkìlọ̀, ìdọ̀bálẹ̀ náà ló máa wà títí mọ́tò á fi lọ. Bí wọ́n bá ní kó mú Àlàájà láàárín èrò, ẹsẹ̀ ló máa wò. Ó mọ sálúbàtà rẹ̀, ó mọ làálì ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú tó mọ̀ ni ti fọ́tò ńlá tó gbé kọ́ sí ọ́fíìsì, èyí tí ayàwòrán kan ní Ìkọ̀tún ti fi kọ̀ǹpútà tún ṣe kó tó dé ọwọ́ rẹ̀, tó lọ ojú náà bí aṣọ tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀, tí kò sí àmì kankan lára rẹ̀.

Àwọn obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀. Wọ́n máa ń kúnlẹ̀ ni, ẹni tó bá sì kúnlẹ̀ á gbójú sókè. Ṣàkírát mọ ojú Àlàájà.

Ó gbìyànjú o, ká sọ tòótọ́. Nígbà tó gbọ́ pé Ọ̀gá fẹ́ ka Òfin Ìrísí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin fún Àlàájà láti fi hàn án pé ìṣòro kò sí lọ́dọ̀ òun, ó kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, òfin kẹrìnlá yẹn, bẹ́ẹ bá lè fò ó."

"Kẹrìnlá gan-an ló dùn jù," Ọ̀gá wí. "Ìyá Fawas, rúlà niṣẹ́ tìẹ."

Ọjọ́rú pé. Wọ́n ta kánópì sínú ọgbà, wọ́n gbé àga fún Àlàájà, gbogbo òṣìṣẹ́ tò yíká. Oòrùn mú, ooru ààrò ń bọ̀ láti ẹ̀yìn. Ọ̀gá wọ kóòtù lórí ṣẹ́ẹ̀tì, ó dọ̀bálẹ̀ lórí ẹní tí Káyọ̀dé tẹ́ fún un, ó gbé gbohùngbohùn sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó na ìwé síwájú. Ó ki Àlàájà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ní oòrùn ni, ó ní òṣùpá ni, ó ní bí kì í bá ṣe ti Àlàájà, ta ni yóò mọ̀ pé àlìkámà wúlò? Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ òfin. Bó bá ka ọ̀kan, Káyọ̀dé á pàtẹ́wọ́, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e.

Ó dé kẹrìnlá. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Ọ̀gá rò pé ọgbọ́n inú òfin náà ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó gbé ohùn sókè, ó tún un kà. Ó tiẹ̀ fi àlàyé kún un, ó ní ojú tí wọ́n kọ nílà dà bí oko tí wọ́n kọ ebè sí, ó ní ẹni tó bá rí irú ojú bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, ebi búrẹ́dì á kúrò lára rẹ̀. Káyọ̀dé, tó dojú kọ Àlàájà, ti ń rọra fi ẹ̀yìn rìn wọ inú èrò.

"Tàjù," Àlàájà pè é.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá."

"Gbójú sókè."

"Àlàájà, kí ni mo jẹ́ tí n óò fi..."

"Mo ní gbójú sókè."

Ó gbé e díẹ̀díẹ̀. Ó rí sálúbàtà tó mọ̀. Ó rí ìró àti bùbá, ó rí ọwọ́ tó mú tẹ̀sùbáà, ó rí ìborí funfun. Lẹ́yìn náà ló rí ojú. Gọ̀mbọ́ ni, gọ̀mbọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ tó pé, tó sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀bátí dé àgbọ̀n ní apá ọ̀tún àti apá òsì, tó mọ́lẹ̀ kedere lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá ẹni àádọ́rin ọdún. Gbohùngbohùn ṣì wà lẹ́nu Ọ̀gá, gbogbo ọgbà ló gbọ́ bó ṣe gbé itọ́ mì.

"Ọdún mẹ́sàn-án," Àlàájà wí. "Ẹsẹ̀ mi lo ń bá ṣiṣẹ́." Kò pariwo. "Àwọn tó ní irú ojú mi, tí wọ́n wá bẹ̀ ọ́ níṣẹ́, mélòó lo ti lé?"

Ọ̀gá ní kò sí o, kò sí ẹyọ kan, àpẹẹrẹ lásán ni òfin náà, òun fẹ́ràn ilà, òun ì bá ti kọ ọ́ sójú ara òun bí kì í bá ṣe ti ọjọ́ orí.

Àlàájà wo àwọn òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Olúkúlùkù ń wo ilẹ̀. Ṣàkírát mọ̀ pé bí òun náà bá wo ilẹ̀, ìparí oṣù á dé, owó oṣù á wọlé, Fawas á padà sílé-ìwé, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó ní "Bísímíláhì" sínú, ó wọ abẹ́ tábìlì rẹ̀, ó gbé agolo bisikíìtì jáde, ó wá kúnlẹ̀ síwájú Àlàájà.

"Màmá, ẹ forí jì mí. Ó ti yẹ kí n gbé e wá tipẹ́, ẹ̀rù ló bà mí. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni wọ́n. Ọ̀gá ní kí n dáná sun wọ́n."

Àlàájà wọ gíláàsì. Èyí tó wà lókè pátápátá ló mú, ó sì kà á jáde, ó ń dúró lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Ó ka ti oko. Ó ka ti ebè. Ó ka ìfọwọ́sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó yí ìwé náà padà, ó ka ohun tí ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì ká a sínú àpò rẹ̀.

"Kí ló wà nínú báàgì tó o fi kọ́ apá yẹn?" ó bi Ṣàkírát.

Ṣàkírát sọ fún un.

"Ó dáa. Òfin tó bá dára fún ọmọ ọlọ́mọ, ó yẹ kó dára fún ẹni tó ṣe é. Tàjù, dìde. Ìwọ náà wá wáṣẹ́."

Ọ̀gá dìde, òógùn ń dà lára rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n yọ nínú odò. Rúlà ní èékánná rẹ̀ gùn jù. Ìṣáná ní irùngbọ̀n rẹ̀ yege, àwọn èèyàn mí kanlẹ̀. Áńkáṣíìfù ló kù. Ṣàkírát ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú," ó sì fi nu òkè ètè rẹ̀ àti ẹ̀bá orí rẹ̀, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń nu ti gbogbo èèyàn. Nígbà tó gbé e kúrò, áńkáṣíìfù ti dúdú bí èédú, irunmú Ọ̀gá sì ti funfun. Aró kan ń ṣàn lọ sí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tí Káyọ̀dé ní òun kò rí irú rẹ̀ rí.

Láti ẹ̀yìn èrò, ẹnì kan wí pé, "Ẹni tó bá fi ojú purọ́..."

Gbogbo ọgbà dá a lóhùn pé, "Yóò fi fúláwà purọ́!"

Ohùn Káyọ̀dé ló ròkè jù.

Àlàájà kò lé e. Ó ní òun kì í lé èèyàn láìfún un láǹfààní. Ó ní kó lọ kọ lẹ́tà pé òun ń wáṣẹ́, kó kọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe síbẹ̀, òun yóò sì dá a lóhùn. Ọ̀gá lo ọjọ́ mẹ́ta lórí lẹ́tà náà. Orúkọ oyè gba ojú ewé kan àtààbọ̀, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe kò kún ìlà kan. Èsì jáde lọ́jọ́ kejì, ó sì ní ìdí nínú: àwọn kò rí iṣẹ́ tó mọ̀ nínú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n àyè wà níbi tí wọ́n ti ń jọ̀ fúláwà, ọwọ́ mímọ́ àti fìlà nìkan ni òfin ibẹ̀. Ọ̀gá ní ibẹ̀ kò bá ìrísí òun mu. Wọ́n ń rí i báyìí ní Ìpájà pẹ̀lú àpòòwé lábẹ́ apá, láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn. Ní ibì kan, ọmọdébìnrin kan tó jókòó sídìí géètì wo irun rẹ̀ tó pín sí dúdú àti funfun, ó sì fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ máa lọ, a máa pè yín."

Ogójì nínú òfin náà ni wọ́n fà ya. Wọ́n fi òfin kìíní sílẹ̀ lára ògiri. Pátákó Ọ̀gá di ohun tí wọ́n ń to búrẹ́dì lé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n nu ojú Ọ̀gá náà, Àlàájà fọwọ́ sí ìwé ìgbàsíṣẹ́ Àtọ́kẹ́, ó ní kí Ṣàkírát fóònù ọmọ náà kó wá gbà á. Ṣàkírát ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n mú un lọ." Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó fi ìwé náà sínú Kùránì kékeré rẹ̀ kó má baà ká, ó sì gba ọ̀nà Ìṣẹ̀rí-Olófin. Kò wọ kẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ ló ní òun máa fi mú un wá.

Àtọ́kẹ́ ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tó wọlé. Ó rí i, ó sì rọra fi aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú báàsí, bí ẹni tó ti mọ irú ohun tí wọ́n fẹ́ sọ fún un.

"Ìyá Fawas, ẹ kú ìrìn. Ṣé ẹ tún fẹ́ kí n fún yín ní ọjọ́ díẹ̀ ni?"

"Rárá," Ṣàkírát wí. Ó kọ́kọ́ nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ìborí rẹ̀. "Mo pẹ́, má bínú sí mi. Mo ní èsì máa dé ọwọ́ rẹ látọ̀dọ̀ ẹni tó ni ilé-iṣẹ́."

Ó ṣí Kùránì, ó yọ ìwé náà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Òun nìyí."